Ọ̀nà Oúnjẹ Kan, Bodè Púpọ̀: Ìbéèrè Wa fún Àwọn Olùdíje

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Kánò ṣe ibùgbé, ẹ̀yin tí a bí sí Sábó àti ẹ̀yin tí òwò tàbí iṣẹ́ ọba gbé dé ibí: Àsìkò ìbò ti tún kàn wá. Àwọn olùdíje ti ń yà sí ilé wa, wọ́n ń jókòó sí àga wa, wọ́n sì ń ṣe ìlérí. Bí wọ́n bá dé orí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ohùn gbogbo wọn máa ń dọ́gba, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kí wọ́n ti wá: ajílẹ̀ yóò pọ̀, katakata yóò wọ oko, owó oúnjẹ yóò sì wálẹ̀.

Ìlérí náà dára, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Kò sí ẹni tí ń sọ fún wa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí irè oko lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò lóko. Ọ̀nà wo ni yóò gbà dé inú ìkòkò? Àwọn wo ni yóò dúró sí ojú ọ̀nà náà? Eélòó ni wọn yóò gbà? Ibẹ̀ gan-an ni ìyà wa wà.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí kò ju ọ̀kan lọ. Ọjà oúnjẹ kan ṣoṣo ni Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní, ṣùgbọ́n ìlànà ìjọba ti gé ọjà náà sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ń kọjá láìsí ìdíwọ́. Àgbẹ̀ kékeré, alájàpá àti ẹni tí ń ra kóńgò kan ni ó ń ru owó bodè gbogbo. Olùdíje tí kò bá lè sọ ohun tí yóò ṣe sí èyí kò tíì bá wa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ohun tí ojú mi rí ní ọdún 2021

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kó tòmáàtì, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà láti ìhín lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, tí mo sì ń kó obì àti epo pupa bọ̀. Mo ti rí ìgbà ọ̀wọ́n, mo ti rí ìgbà ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí irú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021 rí. Lẹ́yìn ìjà burúkú tí ó wáyé ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, tí ẹ̀mí àti dúkìá ṣòfò, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣòwò oúnjẹ àti màlúù pàṣẹ pé kí oúnjẹ àti màlúù má ṣe lọ sí ìhà gúúsù mọ́. Wọ́n dá àwọn ọkọ̀ dúró ní agbègbè Jẹ́bà. Àṣẹ náà dúró títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀.

Apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì tèmi wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà. Tòmáàtì kì í dúró de àlàáfíà. Ní ọjọ́ kẹta, omi rẹ̀ ti ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ìyá kan tí ń tajà ní Bódìjà, tí èmi àti rẹ̀ ti jọ ń ṣòwò tipẹ́, pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bàbá Kánò, ṣé ẹ ti gbàgbé wa ni? Àlùbọ́sà ti di wúrà níbí o." Ní ọjọ́ kan náà, àgbẹ̀ tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kadawa wá bá mi nílé. Ó jókòó sórí ẹní, ó sì bi mí pé, "Baba, ta ni yóò wá ra èyí tí ó kù lóko? Ó ti pọ́n tán." Àwọn méjèèjì ń kígbe, ọ̀kan nítorí pé ọjà kò sí, èkejì nítorí pé ọjà pọ̀ jù. Kò sí èyí tí ó lọ sí Ṣáṣá nínú wọn.

N kò sọ èyí láti tú egbò tí ó ti ń jinná. Yorùbá pàdánù níbẹ̀, Hausa náà pàdánù, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì kàn ni ó mọ bí ó ṣe dùn ún tó. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹni tí ń gbìn ní Kánò àti ẹni tí ń jẹ ní Ìbàdàn jọ jìyà pọ̀, nítorí pé ọ̀fun kan náà ni oúnjẹ wọn ń gbà kọjá. A sì rí i pé ẹgbẹ́ oníṣòwò kan lè di ọ̀fun náà pa, láìjẹ́ pé ìjọba kankan tètè dìde láti sọ pé iṣẹ́ òun ni láti ṣí i.

Bí a ṣe la ọ̀nà náà

Kí a tó lè mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a rántí bí wọ́n ṣe la ọ̀nà yìí. Ọdún 1912 ni ojú irin láti Èkó dé Kánò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa tí ó kọ́kọ́ tẹ Sábó dó, ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé wọn wá. Òwú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń retí pé ọkọ̀ náà yóò kó lọ. Ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ Kánò kó fún wọn, nítorí pé ẹ̀pà ń mówó wá, bí owó rẹ̀ bá sì já, wọ́n lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òkun ni ojú irin náà dojú kọ. Wọn kò tìtorí pé kí ẹ̀wà Kánò lè dé ìkòkò Ìbàdàn là á.

Nígbà tí ó di ọdún 1947, ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ọjà kòkó sílẹ̀. Ní ọdún 1949, ó dá ti ẹ̀pà, ti òwú àti ti epo pupa sílẹ̀. Ní ọdún 1954, wọ́n pín àwọn ìgbìmọ̀ náà sí ẹkùn. Láti ìgbà náà, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni ó ń ra irè tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ ní iye tí ó kéré sí èyí tí wọ́n ń tà á lókè òkun, èrè àárín rẹ̀ sì ń bọ́ sí àpò ìjọba ẹkùn náà. Àwa Yorùbá kò gbàgbé ohun tí owó kòkó ṣe nílé. Ó wà lára ohun tí ó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ró, òun náà ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní ọdún 1965. Àwọn ará ibí náà kò gbàgbé àwọn òkè àpò ẹ̀pà tí a ń fi Kánò júwe fún àlejò.

Ó yẹ kí a yangàn, ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé ohun méjì. Èkínní, owó orí ni owó náà, àgbẹ̀ ni ó san án láìmọ̀. Èkejì, irè tí ń lọ sókè òkun ni ó ní olùtọ́jú. Kòkó ní ìgbìmọ̀, ó ní àyẹ̀wò, ó ní ilé ìpamọ́, ó ní ọkọ̀. Ẹ̀pà náà ní. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, tòmáàtì, iṣu àti gàrí, tí a ń jẹ láàárín ara wa, kò ní ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1977 tí ìjọba àpapọ̀ gba àwọn ìgbìmọ̀ náà lọ́wọ́ ẹkùn, wọ́n fi ti ọkà àti ti iṣu kún un. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọdún 1986, tí wọ́n pa gbogbo wọn rẹ́. A sọ pé ọjà yóò máa tọ́jú ara rẹ̀. Ọjà gbìyànjú. Àwa alájàpá ni a ra ọkọ̀, a wá apẹ̀rẹ̀, a sì mọ ojú ọ̀nà. Àwọn tí kò gbin nǹkan kan, tí wọn kò sì ru nǹkan kan, ni ó wá gbé igi dí ọ̀nà náà.

Bodè inú ilé

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 kò ṣe kòńgẹ́ ohun tí ojú wa ń rí. Ní apá kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀, ó ní kí ìjọba pèsè ohun tí yóò jẹ́ kí èèyàn àti ẹrù máa lọ káàkiri orílẹ̀-èdè láìsí ìdíwọ́. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, nọ́ńbà 62 sọ pé òwò láàárín ìpínlẹ̀ kan sí èkejì wà lára wọn. Òfin kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1998 lórí owó orí àti owó ọjà tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé igi dí ọ̀nà láti fi gba owó orí.

Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó kọjá, mo ní kí awakọ̀ kan bá mi kó gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí ó gbà láti Kánò dé Ìbàdàn wá. Ó kó 11 lé mi lọ́wọ́. Àwọn kan jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, àwọn kan jẹ́ ti ẹgbẹ́, àwọn kan kò sì ní ju òǹtẹ̀ tí a kò lè kà lọ. Mo bi í léèrè ti àwọn tí ó gbowó láìfún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ta ni yóò ka ìyẹn?"

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ kí a lè mọ ẹni tí ń san owó yìí. Alájàpá kì í bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti oko. Láti ọjà tí yóò ti tà á ni ó ti ń kà á bọ̀. Ká sọ pé apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì kan yóò tà ní ₦30,000 ní Èkó. Ó yọ ₦6,000 fún ọkọ̀, ó yọ ₦2,000 fún àwọn ojú ọ̀nà, ó yọ ₦6,000 fún èyí tí yóò jẹrà, ó yọ ₦2,000 fún alábàárù àti owó ìsọ̀, ó sì yọ ₦3,000 fún èrè tirẹ̀. Ohun tí ó kù, ₦11,000, ni ó lè fún àgbẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí, ṣùgbọ́n bí ìṣirò náà ṣe ń lọ nìyẹn lọ́dọ̀ gbogbo wa. Bí owó ojú ọ̀nà bá fi ₦1,000 lé, tí ọkọ̀ sì sun ọ̀nà ní alẹ́ kan sí i, tí èyí tí ń jẹrà bá pọ̀ sí i, inú ₦11,000 ti àgbẹ̀ ni a ó ti kọ́kọ́ yọ ọ́. Bí ọjà bá sì ti wọ́n, ẹni tí ń jẹ ni yóò fi kún ₦30,000. Àárín kì í rù ú. Ìdí àti orí ni ó ń rù ú.

Bodè yìí kò tilẹ̀ ga bákan náà fún gbogbo èèyàn. Tírélà ilé iṣẹ́ ńlá tí ó ní lẹ́tà àti ọlọ́pàá níwájú kì í dúró. Ọkọ̀ tí ó kó apẹ̀rẹ̀ ogójì èèyàn pọ̀, tí olúkúlùkù ní mẹ́ta mẹ́rin nínú rẹ̀, ni ó ń dúró ní gbogbo ibùdó. Bí a bá ń sọ pé Nàìjíríà jẹ́ ọjà kan, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: fún ta ni ó fi jẹ́ ọjà kan?

Bodè ẹ̀yìn ilé

Bí a bá jáde láti inú ilé dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀. Ní Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àjọ ECOWAS ní oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti gbà pé irè oko tí a kò tíì sọ di nǹkan mìíràn yóò máa kọjá láàárín àwọn orílẹ̀-èdè náà láìsan owó bodè. Ní ọdún 2005, wọ́n fẹnu kò sí ìlànà iṣẹ́ àgbẹ̀ kan fún gbogbo wọn. Ní ọdún 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo ìwọ̀n owó bodè kan náà fún ọjà tí ń bọ̀ láti òkè òkun. Lórí ìwé, ìṣọ̀kan ti dé.

Ẹ wo ìrẹsì. Ní ọdún 2019, owó bodè àti àfikún rẹ̀ lórí ìrẹsì tí ń wọ Nàìjíríà tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó kéré sí i gidigidi. Bí ilé méjì bá fara kan ara wọn, tí ọ̀kan ń gba owó kékeré lẹ́nu ọ̀nà, tí èkejì ń gba owó ńlá, ọ̀dọ̀ ẹni kékeré ni ẹrù yóò gbà wọlé, yóò sì fò gba orí ògiri bọ́ sí èkejì. Bí ìrẹsì ṣe ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu tí ó sì ń gba orí alùpùpù wọlé nìyẹn. Ní ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrẹsì tí ń gba orí ilẹ̀ wọlé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ó ti bodè pa. Oṣù tí ó ṣáájú rẹ̀ ni Ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí ìwé ọjà kan fún gbogbo Áfíríkà ní Niamey. Wọn kò tún ṣí ibodè kankan títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, tí wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀, Mfun, Illela àti Maigatari.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ níhìn-ín. Àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì jàǹfààní nínú rẹ̀. Ètò ẹ̀yáwó tí Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kébbí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, pẹ̀lú bodè tí wọ́n tì, mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn padà sí oko ìrẹsì, ilé iṣẹ́ tí ń bó ìrẹsì sì pọ̀ sí i ní Kánò níbí. Ṣùgbọ́n ìrẹsì wọ́n lọ́wọ́ ẹni tí ń jẹ ẹ́. Bákan náà, kì í ṣe ìrẹsì nìkan ni bodè náà dá dúró. Ó dá àlùbọ́sà dúró ní Illela, ó sì dá òwò àwọn ìyá wa dúró láàárín Ìdìròkò àti Kétu, níbi tí ó jẹ́ pé ìbátan kan náà ni ó wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì.

Kò pẹ́ tí a tún rí òmíràn. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r ní oṣù Keje ọdún 2023, bodè àríwá tún di títì títí di oṣù Kẹta ọdún 2024. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Dawanau mọ ohun tí ẹ̀wà tí ń ti Nìjẹ̀r wá jẹ́ fún ọjà náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, Nìjẹ̀r, Màlì àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS pátápátá. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A kò lè ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Niamey kò kan ẹni tí ń se mọ́ínmọ́ín ní Sábó.

Nígbà tí ebi wá le, ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé fún àádọ́jọ ọjọ́, àgbàdo, ìrẹsì tí a ti bó ṣùgbọ́n tí a kò tíì lọ̀ funfun, wíìtì àti ẹ̀wà lè wọlé láìsan owó bodè. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kó irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ ti ní ẹ̀rọ tí ó lè ṣiṣẹ́ lórí tọ́ọ̀nù 100 lójúmọ́. Alájàpá tí ń ra àpò ẹ̀wà mẹ́wàá ní ààlà Nìjẹ̀r kò sí nínú ìkéde náà. Nígbà tí iye ọkà sì já ní ọdún 2025, àwọn àgbẹ̀ tí ó ra ajílẹ̀ ní ọ̀wọ́n ni ó kígbe pé àwọn kò rí owó àwọn kó padà.

Ìlẹ̀kùn tí kò ní àsìkò ni a ní. Ẹni tí ó gbin ọkà nítorí pé bodè tì, ìgbà ìkórè rẹ̀ ni wọ́n ṣí i. Ẹni tí ó yá owó ra ọjà nítorí pé bodè ṣí, ìgbà tí ọjà rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ni wọ́n tì í. Ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i àti ọjọ́ tí wọn yóò tì í ni ó ń jèrè, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe àwa.

Ìdáhùn sí àwọn tí ń sọ pé kí olúkúlùkù jẹ tirẹ̀

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé kí ilẹ̀ Yorùbá gbin ohun gbogbo tí yóò jẹ, kí ó má ṣe gbójú lé àríwá mọ́. Àwọn kan nínú àwọn tí ó gbà wá lálejò náà ń sọ pé kí oúnjẹ àríwá dúró ní àríwá. Mo mọ ibi tí ìbínú àwọn méjèèjì ti wá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ kò fara mọ́ ọn. Omi ìdídò Tiga, tí wọ́n parí ní ọdún 1974, ni ó ń jẹ́ kí tòmáàtì Kadawa so ní ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí oòrùn mú tí àrùn òjò kò sì bá a jà. Òjò àti ọ̀rinrin gúúsù kì í jẹ́ kí ó rọrùn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò sì gbin gbàǹja tí Kánò ń jẹ ní ìsìnkú àti ìgbéyàwó? Ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ó ń so, kì í so ní Kánò.

Kí ilẹ̀ Yorùbá gbin ohun tí ó pọ̀ sí i dára. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí ìjọba Èkó kọ́ sí Ìmọ́tà, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, tí ó lè ṣiṣẹ́ lórí tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan. Ilẹ̀ Èkó kò lè yó o. Láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni ìrẹsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa wá. Èkó mọ èyí ní ọdún 2016 nígbà tí òun àti Kébbí ṣe àdéhùn, tí ìrẹsì wọn sì dé ọjà kí ọdún náà tó parí. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí ó dúró lórí ìfẹ́ inú gómìnà méjì kò lè pẹ́ ju sáà wọn lọ bí òfin kò bá gbé e ró.

Nísinsìnyí, wọ́n ti ń dá àjọ ìdàgbàsókè sílẹ̀ fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ti Ìwọ̀-oòrùn Àríwá àti ti Ìlà-oòrùn Gúúsù ni Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024. Ti Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù àti ti Àárín Gbùngbùn Àríwá tẹ̀ lé e. N kò lòdì sí wọn. Ṣùgbọ́n inú ilé tirẹ̀ ni àjọ kọ̀ọ̀kan yóò kọjú sí, bí àwọn ẹkùn ọdún 1954 ṣe ṣe. Ta ni yóò wá tọ́jú Mọ́kwá sí Jẹ́bà, tí kì í ṣe ti Kánò, tí kì í ṣe ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n tí méjèèjì kò lè ṣe aláìgbà?

Ohun tí ó yẹ kí a bi wọ́n

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún wá, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lọ láìdáhùn.

Ẹni tí ń du ipò Ààrẹ tàbí tí ń lọ sí Ilé Aṣòfin àpapọ̀: òwò láàárín ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ yín nìkan. Ṣé ẹ ó mú òfin ọdún 1998 ṣẹ lójú ọ̀nà Kánò sí Èkó, kí a kó igi kúrò? Ṣé ẹ ó ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ ti bodè oúnjẹ tàbí ṣí i láìfún àgbẹ̀ ní ìfilọ̀ kí ó tó gbìn? Bí ẹ bá sì dá owó bodè sí fún ilé iṣẹ́ ńlá, kí ni ẹ ó ṣe fún ẹni tí ó ní àpò mẹ́wàá?

Ẹni tí ń du ipò gómìnà tàbí ti Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀: ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ ó fi ilé tútù àti àpótí oníke sí Kadawa kí ìdajì tòmáàtì má ṣe jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ ó bá Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ṣe àdéhùn tí Ilé Aṣòfin méjèèjì yóò sọ di òfin, tí kò ní bá sáà yín kú?

Nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá sì dé ní àsìkò tirẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìpẹran wà lára iṣẹ́ tí ìwé òfin fún yín. Ṣé ẹ ó kọ owó tí ẹ ń gbà sára ògiri kí gbogbo èèyàn lè kà á, kí ó sì jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan fún ẹrù kan?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ bá àwa fúnra wa sọ. Ọ̀pọ̀ wa kì í dìbò níbí. A ń sọ pé àlejò ni wá, pé ilé ni a ó ti lọ dìbò, nígbà tí ọjọ́ bá sì pé, a kì í lọ ilé, a kì í dìbò níbí. Òfin gbà wá láàyè láti gbé ìforúkọsílẹ̀ wa wá sí ibi tí a ń gbé. Ẹ bá àjọ INEC sọ ọ́ kí àkókò rẹ̀ tó kọjá. Ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí, ìdìbò níbí kì í ṣe ìkọ̀yìn sí ilé. Ẹni tí ó bá mú kí ọ̀nà là láti Kánò ti ṣe iṣẹ́ fún Ìbàdàn náà.

Àwọn kan yóò gbé àpò ìrẹsì wá fún yín ní ọ̀sẹ̀ ìbò. Bí ẹ bá máa gbà á, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tí ó gbà wọlé àti iye tí wọ́n san ní ojú ọ̀nà. Àgbẹ̀ tí ó jókòó sórí ẹní mi ní ọdún 2021 ṣì ń dáko ní Kadawa. Ìyá Bódìjà ṣì ń pè mí. Àwọn méjèèjì kò tíì rí ara wọn rí, ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ni wọ́n ń dúró dè: ẹni tí yóò gbé igi kúrò ní ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbò wa wá ẹni náà.

Láti ọwọ́ alájàpá kan ní Sábó, Kánò